Àpò Ìbàdí Tí Ọwọ́ Kò Tó

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Báàgì rírán ni iṣẹ́ mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rán an, láti Bajulaiye dé Ladi-Lak, níhìn-ín ní Ṣómólú. Mo rán ti ọmọ iléèwé, mo rán ti lọ́yà, mo rán ti aláboyún tó ń múra ọsibítù. Ṣùgbọ́n títí mo fi lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, mi ò gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn rí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ máa ti rẹ́rìn-ín ń bọ̀.

Sìkírá lorúkọ mi, àmọ́ tí ẹ bá béèrè Sìkírá ní Ladi-Lak, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ìyá Oníbáàgì ni kí ẹ béèrè. Ṣakí ni àwọn òbí mi ti wá. Bí mo ṣe débi iṣẹ́ yìí ò gùn: àbúrò bàbá mi mọ Ọ̀gá Fátáì, Ọ̀gá Fátáì ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́, wọ́n fà mí lé wọn lọ́wọ́. Ní ti owó, iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì rán ọmọ mẹ́ta níwèé. Ọ̀rọ̀ owó tán.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Fátáì wà ní Bajulaiye, láàárín àwọn onítẹ̀wé méjì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lu gbì-gbì lọ́tùn-ún, òmíràn ń lu gbì-gbì lósì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "mú sísọ́ọ̀sì wá" lásán la fẹ́ sọ, àfi ká pariwo bí ẹni ń jà. Àwọn onítẹ̀wé yìí náà ló ń gbé iṣẹ́ wá fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ báàgì tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí, àwọn á tẹ aṣọ rẹ̀, àwa á rán an.

Èèyàn kúkúrú ni Ọ̀gá Fátáì, ohùn wọn kì í ròkè, wọn kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Ká ní wọ́n ń nà wá ni, ìyẹn ì bá sàn. Títú ni wọ́n máa ń tú u. Tí o bá rán báàgì tí kò wù wọ́n, wọ́n á fà ọ́ jókòó tì wọ́n, wọ́n á mú abẹ, wọ́n á máa já òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n á máa bá ọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Tó bá tú tán, wọ́n á to aṣọ rẹ̀ sórí itan rẹ. "Sìkírá, mo bá ẹ dá a padà síbi tó wà kó o tó bà á jẹ́." Odindi oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n ki òwú bọ ẹ̀rọ. Bébà àpò sìmẹ́ńtì ni mò ń fi abẹ́rẹ́ òfìfo rìn lórí rẹ̀. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá yà kúrò lórí ìlà, n ó mú bébà mìíràn. Mo máa ń lá àlá bébà sìmẹ́ńtì nígbà yẹn.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ìdánwò ẹ̀pà. Tí o bá rán báàgì onífà méjì, èyí tó ní okùn èjìká méjì, parí, Ọ̀gá á di ẹ̀pà yíyan sínú bébà, wọ́n á fi sínú gbogbo àpò rẹ̀. Ìwọ á gbé báàgì kọ́ àyà, torí ẹni tó bá gbé e kọ́ ẹ̀yìn láàárín èrò Ṣómólú ti fún olè láyè láti mú ohun tó wù ú. O máa rìn dé ibùdókọ̀, o máa gba àárín èrò kọjá, o máa padà wá. O ò ní mọ ẹni tí Ọ̀gá ti ní kó gbìyànjú láti kó ẹ̀pà náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo di báàgì mú bí ọmọ tuntun, mo wo ojú gbogbo èèyàn bí ọlọ́pàá. Nígbà tí mo padà dé, mo bá Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu wọn ń lọ.

"Ẹ̀pà ẹ dùn o, Sìkírá," ni wọ́n wí. Wọ́n ti nawọ́ sí abẹ.

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n jẹ ẹ̀pà mi kí n tó gbọ́n. Mo kọ́ láti rán àpò sí ibi tí ọwọ́ ẹni tó gbé báàgì kọ́ àyà máa bọ́ sí, lábẹ́ ojú rẹ̀, kí ẹnu síìpù sì máa pa dé sí ọ̀dọ̀ báàgì. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti pe báàgì létí mi, orí àyà ni mo ti ń rí i. Ọjọ́ tí mo parí ọdún kẹrin, Ọ̀gá gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n mú abẹ, wọ́n yí báàgì náà po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì gbé abẹ padà sí àyè rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún ayọ̀.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ladi-Lak. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì ń darí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló kan ẹlẹ́sẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni oníná dé. Ẹ̀rọ oníná yẹn, mo bá a jà. Ọjọ́ kejì tí mo rà á, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ ẹlẹ́sẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti rán etí báàgì tán, ó sì ti rán etí ìró mi mọ́ ọn. Oníbàárà wọlé, mo dìde láti kí i, báàgì bá mi dìde. Ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n má tú u, kí n máa gbé e lọ ọjà bẹ́ẹ̀, pé kò sí olè tó máa lè jí i.

Nígbà tó yá, báàgì ilẹ̀ òkèèrè kún ọjà. Ẹni tó ń rán tuntun dín kù, èyí tó já la wá ń tún ṣe. Ṣé síìpù ni, ṣé fà ni. Mo ń fi àbẹ́là pa eyín síìpù kó lè máa yọ̀, mo ń fi ṣáná jó ẹnu fà kó má tú. Mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe é títí n ó fi fẹ̀yìn tì, kí Mọrẹ́nikẹ́ tó wọlé.

Ojúlé kẹta sí tiwa ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ níbi iṣẹ́, àmọ́ tó bá di Sátidé, òun àti àwọn ọ̀dọ́ méje kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á lọ gun òkè.

"Kí ló sọnù síbẹ̀?" mo bi í.

"Kò sí o, Màmá. Ká kàn gùn ún náà ni."

"Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán ńkọ́?"

"A máa sọ̀kalẹ̀."

Mo wò ó dáadáa bóyá ara rẹ̀ yá. Ó gbé báàgì ńlá kan sórí tábìlì mi, òkìrìkà tó dáa. Bẹ́líìtì kan tó nípọn, tó ní fóòmù nínú, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n máa ń dè mọ́ ìbàdí, kí ẹrù má baà wọ èèyàn léjìká. Ohun tó fẹ́ ni kí n rán àpò kékeré méjì mọ́ bẹ́líìtì yẹn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti òsì, bísíkíìtì ló fẹ́ fi sí i. Ti ọ̀tún, oògùn rẹ̀ ni. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu, ike oògùn kan sì wà tó máa ń fín sẹ́nu tí èémí rẹ̀ bá há.

Ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dé. Obìnrin tó ń ta bébà fún àwọn onítẹ̀wé ni Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ìyá Oníbáàgì, ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Tí oògùn yẹn bá wà nísàlẹ̀ báàgì, kó tó tú ẹrù tán láti rí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ní ọwọ́ ẹ̀ á tó àpò yẹn, kó máa lọ. Tí kò bá dá yín lójú, kó jókòó tì mí nílé."

Mo lu àyà mi gbà-gbà. "Ọwọ́ ẹ̀ á tó o. Èmi Sìkírá ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ dé, mo ní kó gbé báàgì kọ́ kí n wọ̀n ọ́n. Ọmọ Ṣómólú ni òun náà, láti ibùdókọ̀ ló sì ti ń bọ̀. Orí àyà ni báàgì wà, ibẹ̀ ló fi í sí. Mo fa bẹ́líìtì yí i ká, mo dè é lẹ́yìn ìdí rẹ̀, mo ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ọwọ́ náà bọ́ sí lára bẹ́líìtì, níbi tó ti so mọ́ báàgì gan-an. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é, fóònù ló ń tẹ̀. Èmi ò bi í, òun náà ò wí.

Mo fi ọkàn ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo tú ojú rírán etí bẹ́líìtì, mo fi aṣọ agbòòrùn tó le ṣe ojú àpò, mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, mo rán an ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí àwọn méje yòókù rí i, gbogbo wọn kó tiwọn wá. Mo ti fi bébà gé ìwọ̀n ti Mọrẹ́nikẹ́, òun ni mo lò fún gbogbo wọn. Àpò mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gbé wọn kọ́ àyà, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n ń yìn mí. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ pàápàá wá wò ó lórí àyà ọmọ rẹ̀, ó ní mo ṣe é re.

Sátidé dé, wọ́n lọ sí òkè àpáta kan lápá Ìbàràpá. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Báàgì tó wà níwájú bọ́ sẹ́yìn, àpò tó wà lábẹ́ ọwọ́ náà sì bá a bọ́ sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bí ẹni ń sá fún gbèsè. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó àpò ara rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń gùn ún lọ.

Ní ìdajì òkè, èémí Mọrẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó nawọ́ sí ìbàdí, kò bá nǹkan kan. Ó yí sọ́tùn-ún, báàgì bá a yí. Ó yí sósì, báàgì tún bá a yí. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ló sáré ṣí àpò náà, tó ki oògùn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó fín in, ara rẹ̀ balẹ̀. Látibẹ̀ lọ, wọ́n tò ní ọ̀wọ́, ẹni ẹ̀yìn ń bá ẹni iwájú mú bísíkíìtì nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló jìyà jù. Tí ebi bá ń pa á, á sáré gòkè lọ síwájú gbogbo wọn, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní bísíkíìtì òun.

Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé báàgì náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ gbé e kọ́," ló wí.

Mo gbé e kọ́ àyà.

"Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn ni mo wí, Ìyá Oníbáàgì!"

Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi. Mo nawọ́ wá àpò, mi ò rí i. Mo yí, mo gbá òwú dànù. Mo tún yí, mo gbá kẹ́tùlù dànù, omi tíì ṣàn dé ẹsẹ̀ ọkùnrin tó wá mú báàgì ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá rí ibi tí mo ti ṣì í: orí àyà ni mo ti wọ̀n ọ́n. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí n ṣe máa bọ́ báàgì náà sílẹ̀.

"Òkè ti parí," ni Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mọrẹ́nikẹ́ dúró. Omi wà lójú rẹ̀. "Màmá, kì í ṣe òkè yẹn gan-an. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé má sáré, má fò, jókòó. Gbogbo ọmọ ń ṣeré, èmi ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Òkè yẹn nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ fún mi pé kí n jókòó. Ẹ wá wò ó, wọ́n tún ti ní kí n jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Èmi ni mo lu àyà. Àṣìṣe mi ló fẹ́ dá ọmọ ọlọ́mọ padà sí ojú fèrèsé. Mo mú abẹ, mo tú àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Mo ki omi inú ọ̀rá kún báàgì Mọrẹ́nikẹ́, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo de bẹ́líìtì lórí ìró mi, mo sì ń rìn kiri Ladi-Lak. Odindi ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

"Ìyá Oníbáàgì, ìlú òyìnbó ti yá?"

"Ilé àna ẹ ni mò ń lọ!"

Ọkọ mi ní tí mo bá ti ń kó kúrò nílé, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ ní ogójì ọdún, mo mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Iwájú egungun ìbàdí díẹ̀ ni ọwọ́ máa ń bọ́ sí. Tí àpò bá lọ sísàlẹ̀ jù, itan á máa gbá a tí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn. Síìpù gbọ́dọ̀ ṣí láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ọwọ́ kan ṣoṣo lè ṣe é, kí okùn gígùn sì wà lẹ́nu rẹ̀, torí ìka tó làágùn kò lè di irin kékeré mú. Mo tún gbogbo rẹ̀ rán. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀, mo sì gba fóònù wọn kí n tó wọ̀n wọ́n.

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ "ọwọ́ ẹ̀ á tó o" lẹ́ẹ̀kan. "Tó bá dá yín lójú, ẹ̀yin náà ẹ gbé e gùn ún."

Ó rò pé ìyẹn máa pa mí lẹ́nu mọ́. Kò mọ̀ mí. "Ọjọ́ wo?" mo bi í.

Ó ní òun náà máa tẹ̀ lé wa, kí òun lè fojú ara òun rí i.

Báyìí ni èmi àti Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ṣe bá ara wa ní ìsàlẹ̀ òkè Ìbàràpá láàárọ̀ Sátidé, láàárín àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ. Mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi sábẹ́ ìró. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi pọ́ọ̀sì kọ́ apá, ó gbé kúlà oúnjẹ dání lọ́wọ́ kejì. Níbi tí àpáta ti ga, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń gùn ún. Mo ní kó fún wa ní kúlà kí a bá a gbé e. Ó ní kí n máa wo iwájú mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Ní ìdajì òkè, Mọrẹ́nikẹ́ ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ yí padà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ náà láti ìsàlẹ̀, ó ju kúlà sílẹ̀, ìrẹsì yí gbirigbiri lọ, ó ń fi ọwọ́ àti orúnkún gòkè bọ̀, ó ń pariwo, "Oògùn! Ẹ bá a wá oògùn!"

Ọmọ náà ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ síbàdí, ó fa okùn, ó mú ike jáde, ó fín in, ó dúró díẹ̀, ó tún fín in, ó dá a padà, ó fa síìpù pa. Ó wá ń bá ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dúró. Mo ti ń sunkún, mi ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá náà ṣe.

Ìyá rẹ̀ já sórí àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Oògùn ẹ dà? Oògùn dà?"

"Mo ti lò ó, Mọ́mì."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tẹ́ ẹ ń pariwo. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ jókòó sórí àpáta. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti ń gòkè lọ. Mo jókòó tì í. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Ìyá Oníbáàgì, ẹ bá mi ṣe tèmi."

Báàgì rẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó gbé ẹ̀rọ mi fún ẹlòmíràn. Èmi ò gun òkè kankan mọ́ láti ọjọ́ yẹn, orúnkún mi ò gbà. Àwọn ṣì ń lọ, ìyá àti ọmọ, ní Sátidé. Mọrẹ́nikẹ́ ló ń sọ fún mi níjọ́sí pé ìyá òun ló ń ṣíwájú báyìí, pé tí òun bá ní kó jókòó sinmi díẹ̀, ńṣe ló máa ń bínú.